Èlíjà ní Kérítì, Obadáyà Láàfin: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìgbé-Ayé Joseph Ayọ̀ Babalọlá àti Isaac Babalọlá Akínyẹlé

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tí ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ Olúwa. Bí ayé ti rí yìí, ṣé ẹni tí ó bá fẹ́ fi gbogbo ọkàn sin Ọlọ́run lè máa ṣe iṣẹ́ ìjọba, kí ó wà nídìí òṣèlú, tàbí kí ó gorí oyè ìdílé rẹ̀? Àbí kí ó sá jáde kúrò níbẹ̀ pátápátá? Olùṣọ́-àgùntàn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yìí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ìjọ rẹ̀ yóò wá bá a pé, "Bàbá, wọ́n fẹ́ fi mí joyè ńlé wa. Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn tí ó máa ń tètè jáde lẹ́nu wa jẹ́ oríṣi méjì. Àwọn kan á ní kí ó jáde, kí ó má fọwọ́ kan ohun àìmọ́. Àwọn mìíràn á ní kí ó máa lọ, nítorí Ọlọ́run mọ ọkàn. Ìtàn ìsọjí tí ó bí púpọ̀ nínú àwọn ìjọ wa nílẹ̀ Yorùbá kò fara mọ́ ìkánjú méjèèjì yìí. Nínú ìsọjí kan náà, Ọlọ́run pe ọkùnrin kan jáde kúrò nídìí iṣẹ́ ìjọba, Ó sì fi èkejì sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè títí ó fi dé orí ìtẹ́ Ìbàdàn. Tí a bá fi ìgbé-ayé àwọn méjèèjì wé ara wọn, a óò rí i pé ohun tí a fi ń mọ ẹni tí ó fi ara rẹ̀ fún Ọlọ́run yàtọ̀ sí ibi tí ó jókòó sí.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ti wà nínú Ìwé Mímọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà ayé Áhábù, Èlíjà wà ní ẹ̀bá odò Kérítì, àwọn ẹyẹ ìwò ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún un (1 Àwọn Ọba 17). Lákòókò kan náà, Obadáyà ni olórí ilé Áhábù fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rù Olúwa gidigidi. Òun ni ó fi ọgọ́rùn-ún wòlíì pamọ́ sínú ihò àpáta ní àádọ́ta-àádọ́ta, tí ó sì ń bọ́ wọn (1 Àwọn Ọba 18). Ọ̀kan wà lẹ́yìn odi, ọ̀kan wà láàfin, Ọlọ́run kan ni àwọn méjèèjì ń sìn.

Ìdánwò tí ó wọ aṣọ ìjọ

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin méjì yìí, ó yẹ kí a rántí àwọn tí ó ṣáájú wọn. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa ènìyàn káàkiri, ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde. Joseph Ṣàdárè wà lára àwọn aṣáájú wọn. Sophia Ọ̀dúnlámì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́, wà láàárín wọn pẹ̀lú, ó sì ń jẹ́rìí pé Ọlọ́run ń fi àdúrà wo aláìsàn sàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni a wá mọ̀ wọ́n sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà sí ìjọ Faith Tabernacle tí ó wà ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba orúkọ ìjọ náà.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀bọmi ọmọ ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ oògùn ni ó dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn aláṣẹ ìjọ. Nígbà tí ó di ọdún 1922, Ṣàdárè ní láti fi ipò rẹ̀ nínú Sínóòdù sílẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n sì ní láti mú ọmọ wọn kúrò ní ilé-ìwé ìjọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lórí òṣùwọ̀n níbí. Kò sẹ́ni tí ó fi ọtí tàbí àgbèrè dán wọn wò. Ìjókòó nínú Sínóòdù ni, owó oṣù ni, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni. Ohun rere ni gbogbo wọn. Nígbà tí a bá ń wàásù lórí ayé, ilé ọtí àti ilé ijó la máa ń nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ó gbóná jù lọ fún àwọn bàbá wa ni èyí tí ó wọ aṣọ mímọ́, tí ó jókòó síwájú nínú ìjọ, tí ó ń sọ pé kí wọ́n ṣáà dákẹ́, kí ohun tí wọ́n ní lè máa jẹ́ tiwọn lọ.

Ẹni tí ó jáde

Ọdún 1904 ni wọ́n bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Odò-Ọwá, nílùú àwọn Ìgbómìnà, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Kwara lónìí. Inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Lẹ́yìn ìgbà tí ó ti kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó wọ iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ojú ọ̀nà, èyí tí a mọ̀ sí PWD, ó sì di awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ títì. Ní ayé ìgbà náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbà ìkórè ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń rí owó, ẹni tí ìjọba ń sanwó fún lóṣooṣù ti di ènìyàn pàtàkì láàárín ẹbí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ẹ̀rọ náà dúró, kò lọ mọ́. Babalọlá jẹ́rìí pé nígbà tí òun ń tún un ṣe ni òun gbọ́ ohùn tí ó pe òun ní orúkọ, tí ó sì ní kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí òun lọ wàásù. Ó jọ̀wọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 1929 ni àwọn Faith Tabernacle tẹ̀ ẹ́ bọmi nínú ọ̀sà Èkó.

Bí ìtàn bá dúró síbẹ̀, a óò máa rò pé ẹni tí ó bá ti jáde ti bọ́ nínú ìdánwò nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, ní Iléṣà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, aláìsàn ń gba ìwòsàn, àwọn ènìyàn ń kó oògùn àti òrìṣà wọn jáde fún sísun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ẹni tí gbogbo ojú ń wò. Ayé tí ó fi sílẹ̀ ní ẹ̀bá títì ti tọ̀ ọ́ wá sínú ìsọjí, ó sì wá tóbi ju owó oṣù PWD lọ. Àǹfààní wà fún un láti dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, kí ó sì jẹ́ olórí rẹ̀ láéláé.

Babalọlá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró lábẹ́ àwọn àgbà tí wọ́n ti wà nínú iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1932 ó lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n ní ìlú Benin, nígbà tí ó jáde ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣètò ìjọ tí a ń pè ní Christ Apostolic Church ní ọdún 1941, ẹlòmíràn ni ààrẹ, David Òdùbánjọ ni alábòójútó, Babalọlá sì jẹ́ ajíhìnrere. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí ó fi sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ ní ọdún 1959. Ní ojú tèmi, èyí ju fífi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan ni ó fi PWD sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ń kọ ipò àkọ́kọ́.

Ẹni tí ó dúró

Ààrẹ ìjọ náà ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé. Ọdún 1882 ni wọ́n bí i, ọmọ Josiah Akínyẹlé ti Kúdẹ̀tì, níbi tí Hinderer ti fìdí iṣẹ́ míṣọ́n múlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀mọ̀wé ni: òun ni ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, tí ó jáde ní ọdún 1911. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander Babátúndé, ni ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1913, òun náà sì ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn nínú ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1952.

Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó fi ìjọ àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1929, tí ó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn Faith Tabernacle, ìjọ kékeré tí àwọn ọlọ́lá ìlú kò kà sí. Síbẹ̀ kò fi ìlú sílẹ̀. Ó wà nínú ètò oyè Ìbàdàn, tí ó jẹ́ pé àkàbà ni: ìjòyè á máa gun ún ní ipele kan lẹ́yìn òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá mọ ìlú aláde mọ̀ pé oyè kì í dá wá. Àsè, ẹ̀bùn, ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ orò ń bá a bọ̀. Ipele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe èyí nìkan, n óò tún ìgbàgbọ́ mi ṣe lẹ́yìn náà."

Ní ọdún 1955 ó di Olúbàdàn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè Sir dá a lọ́lá. Níbí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yẹ kí ó dá wa dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú kan náà tí òun ti jẹ́ ọba. Kò sí ohun tí ì bá rọrùn tó pé kí ọba padà sínú ìjọ tí wọ́n ti tọ́ ọ, níbi tí adé òun àti fìlà Bíṣọ́ọ̀bù yóò ti jókòó pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí ipò bá ti ń ga, ìjọ á ti máa yí padà, a kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wa mọ́ láàárín àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ gbàdúrà lórí ẹní. Akínyẹlé kò padà. Ọba ni, ààrẹ Christ Apostolic Church náà ni, títí ó fi wàjà ní ọdún 1964.

Nígbà tí ìjọba àti àwọn ìjọ àtijọ́ ń fura sí àwọn aládùúrà, kì í ṣe ohun kékeré pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn, tí kò sì sẹ́ wọn. Ohun tí Obadáyà lo ipò rẹ̀ fún nìyẹn.

Ohun tí ó so wọ́n pọ̀

Mo rí ohun mẹ́ta. Èkínní, àwọn méjèèjì san owó rẹ̀ kí wọ́n tó rí ògo. Owó oṣù ti bọ́ lọ́wọ́ Babalọlá kí Òkè-Oòyè tó dé. Akínyẹlé ti fi iyì ìjọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí adé ṣì jìnnà réré. Ẹni tí kò tíì pàdánù ohunkóhun nítorí Kristi kò tíì mọ bóyá òun lè dúró láàfin.

Èkejì, kò sí ẹni tí ó dá wà nínú wọn. Oníwàásù tí ogunlọ́gọ̀ ń tẹ̀ lé ní ààrẹ tí ó wà lókè rẹ̀. Ọba tí ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún ní àwọn ará tí wọ́n jùmọ̀ ń gbàdúrà.

Ẹ̀kẹta, wọn kò sọ ọ̀nà tiwọn di òfin fún ara wọn. Babalọlá kò sọ fún Akínyẹlé pé kí ó fi oyè sílẹ̀ kí ó tó lè jẹ́ ààrẹ. Akínyẹlé náà kò fojú kéré ẹni tí ó ti ìdí ẹ̀rọ títì wá.

A kò sọ pé wọn kò ní àbùkù. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic tí wọ́n ti Bìrìtìkó wá láti ọdún 1931 bá wọn ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì wà lára ohun tí ó pín wọn níyà. Ó yẹ kí èyí kọ́ wa pé ohun tí Ọlọ́run ní kí èmi fi sílẹ̀ lè di igi tí mo fi ń na arákùnrin mi, tí n kò bá ṣọ́ra.

Fún àwa tí a ń ṣọ́ agbo lónìí

A ti gbọ́ ọ tí àwọn kan ń fi Babalọlá ti ọ̀dọ́ jáde kúrò níbi iṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ni ọ̀dọ́ náà ń sá fún. A sì ti rí àwọn tí ń fi Akínyẹlé gbèjà oyè tí wọ́n fi owó rà. Àwọn méjèèjì kọ́ ni ó ni irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọmọ ìjọ bá wá bi wá léèrè, ẹ má jẹ́ kí a kánjú sọ pé "jáde" tàbí "dúró". Ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tí ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́. Bí ọ̀ràn bá dé ojú ẹ̀, ṣé o lè fi ohun yìí sílẹ̀ lọ́la láì banú jẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ nì? Ta ni ó lè bá ọ wí, tí wàá sì gbọ́? Ta ni ipò yìí yóò fi ṣe ibi ìsádi, yàtọ̀ sí ìwọ àti ìdílé rẹ?

Lẹ́yìn náà, kí a bi ara wa. Bí ìbò bá ń bọ̀, tí olóṣèlú bá gbé àpòòwé wá sí ọ́fíìsì olùṣọ́-àgùntàn, ayé kò sí lẹ́yìn ẹnubodè mọ́, ó ti jókòó lórí àga wa. Démásì kò ṣiṣẹ́ ní ààfin kankan. Ẹ̀gbẹ́ Pọ́ọ̀lù ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ìfẹ́ ayé ti mú un lọ (2 Tímótì 4:10).

Nínú àdúrà Rẹ̀ ní Jòhánù 17, Olúwa kò bẹ Baba pé kí Ó mú wa kúrò ní ayé. Ó bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó pa wá mọ́ kúrò nínú ibi. Ẹni tí a rán sí ẹ̀bá Kérítì, kí ó lọ. Ẹni tí a fi sílẹ̀ láàfin, kí ó rántí àwọn tí ó wà nínú ihò àpáta, kí oúnjẹ wọn má sì tán.