Àyẹ̀wò Àrùn Èrìgì: Ìbéèrè, Àwòrán àti Ọgbọ́n Àtọwọ́dá

Èrìgì ni ẹran tó yí ìdí eyín ká. Tí ìdọ̀tí tó kún fún bakitéríà bá lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, èrìgì á wú, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde nígbà tí a bá ń fọ eyín. Ìtọ́jú lè mú èyí kúrò pátápátá. Tí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè di periodontitis, tó ń jẹ egungun tó gbé eyín dúró. Eyín á wá máa mì, ó sì lè yọ. Àrùn yìí kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 2009 sí 2010 rí i pé nǹkan bí ènìyàn 47 nínú 100 tó ti pé ọmọ ọdún 30 ló ní in.

Lọ́dọ̀ dókítà eyín
Dókítà á ki irin tín-ín-rín tó ní àmì ìwọ̀n sáàárín eyín àti èrìgì. Mìlímítà 1 sí 3 dára. Tó bá tó 4, ó yẹ ká fura. Àwòrán X-ray ló ń fi egungun hàn.

Ìbéèrè
Àjọ CDC àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà èrìgì ní Amẹ́ríkà ṣe ìbéèrè 8 tí ènìyàn lè dáhùn fúnra rẹ̀. Bí a ṣe lè bi àgbà ní méjì nínú wọn nìyí:
- Ṣé eyín yín kankan ti mì rí, láìjẹ́ pé ẹ fara pa?
- Ṣé dókítà eyín ti sọ fún yín rí pé egungun ìdí eyín yín ti jẹ?

Ọgbọ́n àtọwọ́dá
A máa ń fi ọ̀pọ̀ àwòrán tí dókítà ti sàmì sí kọ́ kọ̀ǹpútà. Yóò wá máa wo pípọ́n àti wíwú èrìgì nínú fọ́tò, tàbí bí egungun ṣe ga tó nínú X-ray. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè rí abẹ́ èrìgì. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ló ní èrìgì dúdú láti inú wá. Kì í ṣe àrùn. Pípọ́n kì í tètè hàn lára irú èrìgì bẹ́ẹ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà tí a fi èrìgì aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan kọ́ lè ṣì í mú. Sìgá náà lè dín ẹ̀jẹ̀ kù, kí àrùn sì wà níbẹ̀.

Irú àyẹ̀wò yìí ń tọ́ka ẹni tó yẹ kó lọ rí dókítà ni. Kò lè rọ́pò dókítà. Bí fóònù bá ní kò sí nǹkan, tí èrìgì yín sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lọ rí dókítà eyín.

Ẹ ṣọ́ ohùn: eyín (tẹnu), ẹyin (tadìyẹ), ẹ̀yìn (òdìkejì iwájú).