Ààfin Orí Òkè: Ìrìn Àbọ̀ Ọjọ́ láti Awẹ́

Ààfin orí òkè ni ilé ọba tí wọ́n kọ́ sórí àpáta tàbí òkè gíga, yálà ọba ṣì ń gbé inú rẹ̀ tàbí ó ti di ahoro. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ilé olódi àwọn òyìnbó, èyí tí wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ mọ odi rẹ̀ ga fíofío. Òkè fúnra rẹ̀ ni odi. Ẹni tí ogun ń lé kò ráyè gbẹ́ yàrà. Ó gun àpáta, ó kó ọba àti òrìṣà rẹ̀ dání, ó sì mọ ilé alámọ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbéra ní Awẹ́ láti lọ wo irú ààfin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni yóò fi parí ìrìn tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Awẹ́ fúnra rẹ̀ kò sí lórí òkè. Ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì sún mọ́ ìlú Ọ̀yọ́ débi pé kẹ̀kẹ́ Márúwá lè gbé èèyàn dé ọ̀hún kí oòrùn tó mú. Aláwẹ́ ni ọba rẹ̀. Bí èèyàn bá dúró níbẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún un: Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí, Ìbàdàn tó wà ní gúúsù, àti ọ̀nà Ìsẹ́yìn tó wọ Òkè-Ògùn lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nǹkan tirẹ̀ láti sọ nípa ọba àti òkè, àfi ká má kàn máa wò ó láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

Ìdí tí àwọn ọba fi gun òkè, tí wọ́n sì fi sọ̀ kalẹ̀

Ní àlàáfíà, àárín ìlú ni ààfin Yorùbá máa ń wà, tí ọjà ọba yóò tẹ́ sí iwájú rẹ̀, tí gbogbo ọ̀nà ìlú yóò sì forí lé e. Ogun ló yí èyí padà fún ọ̀pọ̀ ìlú. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1835, àwọn èèyàn rọ́ wá sí gúúsù. Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun, èyí tí a mọ̀ lónìí. Àwọn Ẹ̀gbá ti sá sábẹ́ àpáta Olúmọ ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1830. Àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí àárín àwọn òkè Ìbàdàn. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àárín òkè Ìgbàjọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti jà á. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní September 23, 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní tòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, òkè tó ń gba àwọn ará ìlú là di ẹrù sí wọn lọ́rùn. Omi jìnnà, igi ìdáná jìnnà, ìyàwó ilé tó ra iyọ̀ lọ́jà ní láti rù ú gun àpáta. Mọ́tò kò lè débẹ̀. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú sì fẹ́ kí ìlú wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o, lẹ́bàá títì, níbi tí wọ́n ti lè ka orí, gba owó orí, kí wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́. Díẹ̀díẹ̀, ọba sọ̀ kalẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, tipátipá ni.

Ọ̀yọ́: ààfin ilẹ̀ títẹ́

Ó dára kí ìrìn bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Aláàfin, bí kò tilẹ̀ sí lórí òkè, torí ẹni tí kò bá mọ bí ààfin ilẹ̀ títẹ́ ṣe rí kò ní mọ ohun tí ti orí òkè pàdánù. Àyè ló ń fi agbára hàn níbẹ̀: àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá, pẹ̀lú kọ̀bì, ìyẹn òrùlé tó yọ síta lára ilé lórí òpó, tó jẹ́ àmì ilé ọba ńlá láyé àtijọ́. Kò sí bí wọ́n ṣe lè rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí àpáta.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ títẹ́ kò ní ibi ìsádi. Ní November 1895, Captain Robert Lister Bower, Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sí Ìbàdàn, yin ìbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́ nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ọkùnrin yìí sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé lórí òkè kan.

Ọ̀nà Ìbàdàn

Láti Awẹ́ sí Ìbàdàn tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Ọ̀nà náà gba Ìlọrà, Jọ́bẹ́lẹ̀ àti Fìdítì, níbi tí ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó máa ń wà lórí àtẹ lẹ́bàá títì, kó tó kan Ìrókò, Akínyẹlé àti Mọ́níyà. Tí ọkọ̀ bá ti kọjá Òjòó, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, á tún rọlẹ̀, títí òkè Màpó á fi yọ.

Gbọ̀ngàn Màpó kì í ṣe ààfin, àmọ́ kò sí ilé tó jọ ilé olódi tó o ní gbogbo agbègbè yìí. Àwọn òyìnbó ló kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 1929, pẹ̀lú àwọn òpó ràbàtà bí tàwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Láti iwájú rẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni èèyàn máa rí títí dé ibi tí ojú lè wò dé. Orí òkè yìí ni wọ́n ti ń fi Olúbàdàn jẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dé adé fún méjì tó jẹ gbẹ̀yìn, ní July 2024 àti ní September 2025.

Láti Màpó, ẹni tó ń mú àlejò rìn máa ń tọ́ka sí Òkè Àrẹ̀. Ilé ìṣọ́ kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1936, tó ga tó 60 ẹsẹ̀ bàtà, tí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí bí ìkarahun ìgbín. Àwọn ará Ìbàdàn pè é ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn náà. Ìrántí Captain Bower ni wọ́n fi kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ìtàn ìlú Ìbàdàn ni, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ràn láti gùn ún. Síbẹ̀, ọmọ Awẹ́ tàbí ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá dé òkè Láyípo yẹ kó kọjú sí àríwá, kó rántí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe sí ìlú tó wà lọ́hùn-ún. Amọ̀nà tí kò bá sọ ìyẹn fún àlejò kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Òkè tí àwọn baba wa ń gùn láti fara pa mọ́, orí rẹ̀ ni ìjọba àjèjì wá dúró sí kí gbogbo ayé lè rí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ní Ìbàdàn wà ní Òkè-Àrẹ̀mọ. Ìlú náà kò ní ààfin kan tí ọba ń jogún tẹ́lẹ̀. Olúkúlùkù Olúbàdàn ń jọba láti agboolé tirẹ̀, torí oyè ni wọ́n ń gùn díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe ìdílé kan ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ ààfin tuntun sí Òkè-Àrẹ̀mọ kí ó tó ṣeé wọ̀. Nígbà tí àwọn ọba ibòmíràn ti sọ̀ kalẹ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ọba Ìbàdàn ló ń gòkè.

Ọ̀nà Òkè-Ògùn

Ẹni tí kò bá fẹ́ ariwo ìgboro lè gba Ọ̀yọ́ kọjá sí Ìsẹ́yìn, nǹkan bí 35 kìlómítà, kó sì yà sí Adó-Àwáyé. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ lónìí, orí òkè ló wà tẹ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn wà tí èèyàn lè gbà gòkè, ojú ibùdó àtijọ́ ṣì hàn níbẹ̀, adágún Ìyàkẹ́ sì wà lókè pátápátá. Àwọn ará ìlú ní omi rẹ̀ kì í gbẹ. Mo gbà pé Ìyàkẹ́ ló jẹ́ kí ìlú kan lè wà lókè yẹn rárá, àmọ́ àwọn tó ń lọ ya fọ́tò létí rẹ̀ kì í sábà béèrè ibi tí àwọn tó ń pọn omi náà ń gbé.

Tí a bá tún tẹ̀ síwájú, a ó kan Òkèho. Ti ìlú yìí gan-an ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé tipátipá ni. Ní October 1916, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèho dìde sí ètò ìṣàkóso tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀. Ẹ̀mí lọ sí i púpọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó ìlú náà kúrò ní àárín òkè wá sí ibi tó wà báyìí. Ahoro ni wọ́n ń pe ibùdó àtijọ́ náà títí di òní.

Níbòmíràn láyé

Ní Nàìjíríà, Súkúr ní ìpínlẹ̀ Adámáwá ló sún mọ́ ilé olódi òkúta jù lọ. Ààfin Hídì, ọba wọn, wà lókè Màǹdárà, òkúta ni wọ́n fi mọ odi rẹ̀, òkúta ni wọ́n sì tẹ́ sí ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Ní 1999, òun ni ibi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé, ọdún mẹ́fà ṣáájú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo.

Ní Gánà, àwọn Pọtogí kọ́ ilé olódi Elmina sí etí òkun ní 1482. Òkè kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ọ. Ní 1637, àwọn ará Họ́láńdì gbé ìbọn ńlá gun òkè náà, wọ́n yìn ín sí ilé olódi nísàlẹ̀, ó sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ odi tiwọn sórí òkè yẹn kí ẹlòmíràn má baà ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

Nílé àwọn Pọtogí fúnra wọn, Sintra ni àwọn èèyàn mọ̀ jù. Ilé olódi àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ wà lórí òkè níbẹ̀, ààfin Pena tí Ọba Ferdinand Kejì kọ́ sì wà nítòsí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ ìyá kẹ̀kẹ́ Márúwá tiwa gan-an, ló ń gbé àlejò gòkè pẹ̀lú amọ̀nà tó ń sọ ìtàn bó ṣe ń wakọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé títì dé òkè tiwọn. Lọ́dọ̀ wa, Olúmọ nìkan ni mo mọ̀ tó ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, ní Abẹ́òkúta.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìrìn náà

Àwọn tó mọ ọ̀nà máa ń háyà ọkọ̀ lódidi, wọn á sì dúnàádúrà kí ọkọ̀ tó gbéra, títí kan iye wákàtí tí awakọ̀ máa fi dúró dè wọ́n. Ó sàn kí wọ́n jáde ní ìdájí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, torí àpáta tí òjò rọ̀ sí ń yọ̀ bí ewédú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ lè bo gbogbo ohun tí èèyàn bá fẹ́ rí lókè. Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ dáadáa ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ náà ni omi mímu.

Ààfin tí ọba wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn ń yà wọ̀. Ẹni tí ààfin mọ̀ ló yẹ kó mú àlejò wọlé. Ọkùnrin á ṣí fìlà, á dọ̀bálẹ̀. Obìnrin á kúnlẹ̀. "Kábíyèsí" ni gbólóhùn àkọ́kọ́. A kì í gbé fóònù sókè ya fọ́tò láìgba àṣẹ. Lórí òkè náà, ojúbọ wà tí àlejò kò gbọ́dọ̀ wọ̀, ọmọ ìlú nìkan ló sì lè fi ààlà rẹ̀ hàn án. Owó tí a fún irú amọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìfiṣòfò.

Ìdànrè

Ìdànrè jìnnà sí Awẹ́; ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ ní láti sùn lọ́nà. Síbẹ̀, àlàyé kankan lórí ààfin orí òkè kò pé láìsí i, torí níbẹ̀ ni ààfin ti ṣì dúró. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, nítòsí Àkúrẹ́. Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú orí àpáta náà. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni èèyàn máa gùn, pẹ̀lú àwọn ibi ìsinmi lójú ọ̀nà, kó tó dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó fara pa mọ́ sáàárín àwọn àpáta. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè mọ̀ láé pé ìlú kan wà lókè yẹn.

Níbẹ̀ ni ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, wà, ògiri alámọ̀, àgbàlá, àti àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Kò tóbi tó ti Ọ̀yọ́, kò sì gbìyànjú láti tóbi. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà nítòsí, ilé ẹ̀kọ́ wà, àwọn ibojì wà. Wọ́n á fi Ẹsẹ̀ Agbóógún han àlejò, ojú ẹsẹ̀ tó wà lára òkúta, tí ìtàn ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu, pẹ̀lú Omi Àpáàrá tó jẹ́ omi ààrá. Ní àwọn ọdún 1920 ni ọba àti ìlú sọ̀ kalẹ̀. Láti 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé, kò sì tíì kọjá ibẹ̀. Ó ń dùn mí, torí ilé alámọ̀ kì í dúró de ìpàdé àjọ: òjò ọdọọdún ń bù lára rẹ̀, òpó gbígbẹ́ sì jẹ́ oúnjẹ ikán.

Ní oṣù May, nígbà ọdún Òrósùn, àwọn ọmọ Ìdànrè tún máa ń gòkè. Àwọn tí kò gbé lókè rí, tí a bí sẹ́bàá títì, á tún gba àtẹ̀gùn náà lọ sí ìlú àwọn baba wọn.