Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Bessie Coleman Kò Rí Dá Sílẹ̀

Ẹ̀fẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í ṣe: ọkùnrin náà ti ojú ogun Faransé dé, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Chicago níbi tí àbúrò rẹ̀, Bessie Coleman, ti ń tún èékánná àwọn oníbàárà ṣe, ó ní àwọn obìnrin Faransé ta ti ilé yọ, nítorí pé wọ́n ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ tí a bí ní Texas ní 1892, tó fọwọ́ já òwú lóko dàgbà, kì í ṣe ẹni tí yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó kọ etí ikún sí i.

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà tó gbà á, nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ó sì tún jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Robert Abbott, ọ̀gá ìwé ìròyìn Chicago Defender, gbà á nímọ̀ràn pé kó gba ilẹ̀ Faransé lọ, obìnrin náà sì kọ́ èdè wọn, ó tu owó jọ, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kọkànlá 1920. Ní Le Crotoy, nílé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ìyá Caudron dá sílẹ̀, bàálù onígi òun aláṣọ tí wáyà so pọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọ̀pá kan lọ́wọ́, igi ìdábùú kan lẹ́sẹ̀ láti fi yí ìdí ọkọ̀ padà, kò sì sí bíréèkì níbẹ̀ rárá. Ìṣojú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣe já bọ́ kú; ó tún padà wọ inú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 1921 ó gba ìwé àṣẹ awakọ̀.

Ibí ni àwọn òpìtàn máa ń dúró sí láti pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí àwòdì òkè yìí ń wá ṣì wà níwájú: ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ dá sílẹ̀, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà sọdá òkun kó tó kọ́ṣẹ́. Nítorí owó rẹ̀ ló ṣe ń fi bàálù dárà níwájú èrò. Ọkọ̀ já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní California ní 1923, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, egungun ìhà rẹ̀ kán, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní Jacksonville, ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1926, sípánà kan há sínú ẹ̀rọ tí a fi ń darí bàálù tí ẹlòmíràn ń wà fún un. Bessie kò de bẹ́líìtì, nítorí pé ó fẹ́ nà jáde wo ilẹ̀. Ọkọ̀ dorí kodò, ó sì dà á sílẹ̀; bó ṣe kú nìyẹn.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní ìlú Robbins, lẹ́bàá Chicago, àwọn tó tẹ̀ lé e fọwọ́ ara wọn la pápá bàálù. Janet Bragg, nọ́ọ̀sì, ló fowó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ wọn. Willa Brown, olùkọ́ tó gba ìwé àṣẹ ní 1938, òun àti awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, Cornelius Coffey, ni wọ́n jọ gbé ilé ẹ̀kọ́ kalẹ̀ ní Oak Lawn, tọkùnrin tobìnrin ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àwọn kan sì ti ibẹ̀ dé Tuskegee, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ ogun aláwọ̀ dúdú. Lọ́dọọdún nígbà náà, àwọn awakọ̀ aláwọ̀ dúdú Chicago a gbé ọkọ̀ fò lọ sí Lincoln Cemetery níbi tí wọ́n sin Bessie sí, wọn a rọra rẹ ọkọ̀ wálẹ̀, wọn a sì da òdòdó sórí ibojì rẹ̀.