Kẹ̀kẹ́ Ológeere àti Rọ́bà Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Kẹ̀kẹ́ ológeere wà lára àwọn ohun ìrìnnà àkọ́kọ́ tó gbé mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Yorùbá kúrò lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ní ẹṣin tàbí owó ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀rọ̀ náà "kẹ̀kẹ́" ti wà nínú èdè kí ohun náà tó dé. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ parí ní 1884, kẹ̀kẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Fáráò gùn wọ inú òkun, kẹ̀kẹ́ iná ló sì la Èlíjà àti Èlíṣà láàárín. Ṣùgbọ́n ẹṣin ló ń fa gbogbo ìyẹn. Èyí tó dé lẹ́yìn náà kò ní ẹṣin níwájú, ẹsẹ̀ méjì péré ló fi dúró, ẹni tó jókòó lé e sì ń lọ geere. Wọ́n fi "ológeere" kún orúkọ rẹ̀, ó tán.

Ilẹ̀ Jámánì ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ yọjú. Ní 1817, ní ìlú Mannheim, Karl Drais so ẹsẹ̀ onígi méjì mọ́ ọ̀pá kan, ó jókòó sáàárín, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ilẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́dà, kò ní ṣéènì. Ní Paris, ní àwọn ọdún 1860, wọ́n so pẹ́dà mọ́ ẹsẹ̀ iwájú. Àwọn kan tún wá sọ ẹsẹ̀ iwájú yìí di ràbàtà, tó fi jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláyà líle nìkan ló ń gùn ún, nítorí ẹni tó bá já bọ́ láti orí rẹ̀, òkè réré ló ti já bọ́. John Kemp Starley ló tún un ṣe. Ní 1885, ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé "Rover" jáde: ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ló sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ òní kò ní ṣi ìyẹn mọ̀.

Ìnira kan ló kù: kẹ̀kẹ́ ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì. Irin tàbí rọ́bà gbagidi ni wọ́n fi ń wé ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni ẹni tó gùn ún sì ń fi ìbàdí kà. John Boyd Dunlop, ọmọ Scotland tó ń ṣe dókítà ẹran ní Belfast, wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà, ó fi wé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1888. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ti di ọ̀rọ̀ rọ́bà. Ibẹ̀ ló ti kan ilẹ̀ Yorùbá, kí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀.

Igi ìrẹ́ pọ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Àwọn agbẹ́gilére mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ó rọ̀ lójú ọ̀bẹ. Oje funfun tó ń sun láti inú èèpo rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò kà sí, títí ìjọba Gilbert Carter, Gómìnà Èkó, fi mú àwọn ará Gold Coast (Ghana òní) tó mọ iṣẹ́ rọ́bà wá láti kọ́ àwọn aráàlú bí wọ́n ṣe ń dá igi lára, tí wọ́n ń gba oje, tí wọ́n sì ń sè é títí yóò fi dì. Ní 1894, rọ́bà tó jáde láti èbúté Èkó kò tó 6,000 ìwọ̀n pọ́n-ùn. Ní 1895, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ní 1896, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwọn ènìyàn fi oko sílẹ̀, wọ́n wọ igbó lọ. Wọn kò fún igi ní ìsinmi. Wọ́n dá a lára yípo, wọ́n tún padà dá a kí ojú ọgbẹ́ àkọ́kọ́ tó jinná, igi sì ń kú lórí ìdúró. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, òwò náà ti wó. Kì í ṣe gbogbo rọ́bà yẹn ló di táyà, ṣùgbọ́n táyà kẹ̀kẹ́ wà lára ohun tó gbé owó rọ́bà sókè ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, nítorí mọ́tò kò tíì pọ̀ láyé. Lọ́rọ̀ kan, rọ́bà ti lọ sí Yúróòpù kí táyà tó máa bọ̀.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ wá dé, ohun ọ̀ṣọ́ àwọn olówó Èkó ló kọ́kọ́ jẹ́: àwọn òyìnbó, àwọn oníṣòwò, àwọn ọ̀mọ̀wé Sàró àti Àgùdà. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ sì là ní nǹkan bí 1906, ṣùgbọ́n ojú irin kò yà sí abúlé ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ ń yà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì tó o. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìrìn ló kọ́kọ́ rí èyí: pásítọ̀ tó ní ìjọ márùn-ún láti bẹ̀ wò, tísà, akọ̀wé kóòtù, wolé-wolé tó ń wá ìdin ẹ̀fọn nínú ìkòkò omi, àti àwọn tó ń ra kòkó lóko fún ilé iṣẹ́ òyìnbó. Wolé-wolé orí kẹ̀kẹ́ ti wọ àgbàlá kí ẹnikẹ́ni tó lè sáré da omi ìkòkò nù. Bóyá òun nìkan ni aráàlú kò bá kẹ̀kẹ́ yọ̀ fún.

Owó kòkó ló wá fi kẹ̀kẹ́ sí ọwọ́ àgbẹ̀. Raleigh láti Nottingham, Hercules àti BSA láti Birmingham ni orúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Irin wọn wúwo, bíréèkì wọn jẹ́ ọ̀pá irin, káríà ẹ̀yìn wọn sì lè gbé àpò kòkó, igi ìdáná, akèrègbè ẹmu, tàbí ìyàwó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kì í bọ́ bébà tí wọ́n fi wé irin rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kí ọ̀dà rẹ̀ má baà bó. Bébà náà yóò gbó mọ́ ọn lára. Onífọ́tò tó ń kiri abúlé so àpótí kámẹ́rà àti aṣọ ẹ̀yìn àwòrán mọ́ káríà, bó bá sì délé oníbàárà, kẹ̀kẹ́ oníbàárà náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa gbé síta. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ni ín bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí agogo.

Wàhálà kékeré kẹ̀kẹ́ náà kò kéré. Ṣéènì ń jẹ ẹnu ṣòkòtò. Wọ́n ń fi okùn dì í, tàbí kí wọ́n ká a dé orúnkún. Ọ̀pá irin tó dábùú láàárín kò gba ìró obìnrin, àfi kẹ̀kẹ́ obìnrin tí ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀. Díńámò tó ń fún iná ní agbára, táyà ló ń yí i, nítorí náà òkè tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń rá gùn, níbi tí ènìyàn ti nílò ìmọ́lẹ̀ jù, ibẹ̀ ni iná ń kú sí. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á há sáàárín táyà àti ìborí rẹ̀ títí kò fi ní yí mọ́, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ jáde nílé á sì ru kẹ̀kẹ́ wọlé.

Ìjọba náà rí tirẹ̀ gbà níbẹ̀. Nígbà náà, oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́dọọdún, kí ó so àmì rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, kí agogo, bíréèkì àti iná sì pé. Àìní iná lálẹ́ gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé iwájú adájọ́. Lójú àgbẹ̀ tó ti san owó orí, owó orí kejì ni láísẹ́ǹsì yìí, èyí tí irin ń san.

Ẹ̀gún, ìṣó àti igò fífọ́ ló dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Alátùnṣe kẹ̀kẹ́ jókòó sí ìkóríta pẹ̀lú sípánà, pọ́ǹpù, fáìlì àti abọ́ omi kan. Yóò yọ túùbù, yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, yóò sì rì í bọ omi díẹ̀díẹ̀; ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Yóò nù ún, yóò fi fáìlì ha ojú ibẹ̀ kí ó lè gba nǹkan, yóò fi gọ́ọ̀mù pa á, yóò dúró kí gọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kó tó lẹ ègé túùbù àlòkù mọ́ ọn. Ìdúró yìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í ní sùúrù fún, àìní sùúrù náà ló sì ń mú kí táyà tún rọ̀ kí oníbàárà tó délé. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ló ń háyà kẹ̀kẹ́ fún àwọn ọmọdé tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, tí ọ̀gá sì ń fi ojú wọn àkókò wọn.

Àwọn kan kọjá gọ́ọ̀mù, wọ́n ń fi irin gbígbóná tẹ àbùlẹ̀ mọ́ túùbù. Ìyẹn ni fọ́kánáísà, orúkọ tó ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí iná bá kan rọ́bà tí wọ́n pò mọ́ imí-ọjọ́, kò ní yọ́ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní gan nínú òtútù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ Vulcan pe iṣẹ́ náà, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Oníkẹ̀kẹ́ tó ń bọ Ògún nítorí irin tó ń gùn, tó sì ń gbé táyà lọ bá fọ́kánáísà, ọ̀dọ̀ òrìṣà alágbẹ̀dẹ méjì ló ń lọ láìmọ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ rìn jìnnà tí orúkọ wọn kù, ilẹ̀ òkèèrè ló ti rìn ín. Ní 1952, Ọlábísí Àjàlá, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà, gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ìrìn tó lé ní 2,000 máìlì, ó wọ aṣọ ìbílẹ̀, ó sì ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà lójú ọ̀nà. Orin Ebenezer Obey ló sọ orúkọ rẹ̀ di àpèlé fún gbogbo arìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjàlá máa rìn yí ayé ká lẹ́yìn náà, ìrìn tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ti 1963, alùpùpù ló gùn.

Àwọn tó wà nílé náà ṣe bẹ́ẹ̀. Owó epo rọ̀bì dé, owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tẹ̀ lé e ní 1975, akọ̀wé àti tísà sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ra Honda àti Suzuki. Ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí kẹ̀kẹ́ ti ń kó èrò àti ẹrù fún owó, alùpùpù gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada pe alùpùpù èrò. Ọ̀rọ̀ "kẹ̀kẹ́" gan-an yí ilé: nínú Èkó, bí ènìyàn bá ní òun fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń sọ, èyí tí wọ́n sọ ní Márúwá nítorí Buba Marwa tó ṣe gómìnà ológun níbẹ̀ láti 1996 sí 1999. Ilé iṣẹ́ Dunlop, tó ti ń ṣe táyà ní Ìkẹjà láti àwọn ọdún 1960, dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2008.

Láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ ṣì wà nínú òfin. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kà á mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi kéékèèké àti ọmọlanke. Fọ́kánáísà náà ṣì wà ní ìkóríta. Ẹ̀rọ tó ń lo epo ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ fún un báyìí, ọ̀kadà àti mọ́tò ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀, ọmọdé tó bá sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá yóò dúró ti abọ́ omi kan náà títí yóò fi kàn án.