Ààfin Àgbómè: Láti Ibùjókòó Ọba di Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ó jẹ́ àṣà àwọn ọba Dàhòmì láti kọ́ ààfin tiwọn mọ́ ti àwọn baba ńlá wọn ní Àgbómè. Ibẹ̀ ni Ghezo ti gbéra wá bá Abẹ́òkúta jagun ní 1851. Glele ọmọ rẹ̀ sì tún wá ní 1864. Àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà nígbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ìlú mìíràn ni a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀. Ní 1892, Behanzin ti iná bọ ààfin náà kí àwọn Faransé tó wọ̀lú. Ààfin Ghezo àti ti Glele ni ó di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́yìn náà. Ní 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun 26 tí ọmọ ogun rẹ̀ kó padà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, olùbẹ̀wò tí ó wo ìtẹ́ ọba tí kò gbọ́ nípa àwọn ẹrú, ààbọ̀ ìtàn ni ó gbọ́.