Ta Ló Ń San Owó Idán? Àyẹ̀wò Ìtàn Àròsọ Ursula Le Guin àti Amos Tutuola

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn aṣelámèyítọ́: pé torí kí akọni má baà fi ọfọ̀ kan ṣoṣo borí gbogbo ìṣòro ni òǹkọ̀wé ṣe ń bu owó lé idán. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó. Bó bá jẹ́ ìdíwọ́ lásán la ń wá, kó kàn rẹ akọni, kó sùn, kó sì jí pẹ̀lú agbára ọ̀tun, ó parí. Èrò tèmi ni pé ohun tó ń sọ owó idán di ọ̀rọ̀ ńlá ni ẹni tó san án, àti ohun tí ẹni náà kò ní rí gbà padà mọ́.

Nínú A Wizard of Earthsea (1968) ti Le Guin, Ged ń kọ́ idán ní erékùṣù Roke. Jasper, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń fojú tín-ín-rín rẹ̀, Ged sì fẹ́ fi hàn án pé òun jù ú lọ, ló bá pe ẹ̀mí obìnrin kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Àlàfo là láàárín ayé àti ọ̀run. Òjìji kan gba ibẹ̀ wọlé, ó bo Ged, ó fi èékánná ya á lójú. Ged kò kú. Nemmerle, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí àwọn onídán Roke, ló fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ dí àlàfo náà, òun ló sì kú. Ọmọdé ló ṣe ìgbéraga, àgbà ló fi ẹ̀mí dí i. Kò sí bí Ged ṣe lè san gbèsè yìí fún òkú. Ìdí nìyí tí The Farthest Shore (1972) fi ṣe pàtàkì: Ged ti dé ipò Nemmerle, òun náà dí ilẹ̀kùn kan tó ṣí láàárín òkú àti alààyè, gbogbo idán rẹ̀ sì tán níbẹ̀. Kò padà sí i lára mọ́.

Ọ̀nà ọjà ni Tutuola gbà nínú The Palm-Wine Drinkard (1952). Kí ọ̀mùtí náà àti ìyàwó rẹ̀ tó wọ inú igi funfun, wọ́n ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti sísì. Ìbẹ̀rù wọn ni wọ́n yá èèyàn, kó máa san èlé lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ìbẹ̀rù padà, àmọ́ ohun tí a bá ti tà ti lọ nìyẹn. Wọn kò lè kú mọ́, síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Kò sí ẹlòmíràn tó bá wọn san nǹkan kan. Àwọn tó jèrè náà ló ru ẹrù èrè wọn.

Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdúnàádúrà náà yí ìgbésí ayé ẹni tó ṣe é padà. Òǹkọ̀wé tó bá to iye owó idán kalẹ̀ láìsí olùsan tí a mọ̀, òfin eré ló ṣe. Ìgbà tí òǹkàwé bá lè tọ́ka sí ẹni tí agbára akọni pa lára ni ìtàn náà tó bi wá bóyá ó tọ́ kí akọni lo agbára ọ̀hún rárá.