Àwọ̀ Ara Nínú Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé ní Èkó

Tàdáwà dúdú ni Henry Townsend fi tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Lónìí, ní Muṣin àti ní Ṣómólú lẹ́bàá Yábà, àwòrán olóògbé lára ìwé ètò ìsìnkú ni ó ń dán ọgbọ́n atẹ̀wé wò.

Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń fi àwòrán hàn. Tàdáwà mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń tẹ̀ ẹ́: sáyáànì tí ó fara jọ aró, mágẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú. Tàdáwà kò lè tàn bí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ojú tí ó ń dán nínú kọ̀ǹpútà a máa ṣókùnkùn lórí bébà. Ìyà àwọ̀ dúdú nínú fọ́tò kò tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1950, obìnrin aláwọ̀ funfun ni Kodak fi ṣe òṣùwọ̀n.

Èdè pẹ̀lú ní ọ̀ràn tirẹ̀. Bí ọmọ olóògbé bá wí pé, “Màmá wa pupa ju báyìí lọ,” kì í ṣe mágẹ́ńtà ni ó ń bèèrè. Apọ́nbéporẹ́ ni ìyá rẹ̀. Atẹ̀wé tí ọ̀rọ̀ yìí kò yé yóò sọ ìyá náà di ẹni tí a fi osùn kùn. Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò dín sáyáànì àti dúdú kù ní ojú nìkan, kí gèlè má baà ṣá. Yóò tẹ ẹyọ kan, yóò sì gbé e síta sí ojúmọmọ. Ìgbà tí wọ́n bá wí pé, “Màmá wa nìyí,” ni yóò tó tẹ ìyókù.